Bí ẹ ṣe lè to ìsinmi yín ní Zanzibar: òkun ṣáájú, ìlú gbẹ̀yìn

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ sí Zanzibar ló máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á gba yàrá, tí wọ́n á sì ti sanwó ìrìn-àjò káàkiri erékùṣù náà kí wọ́n tó rántí pé àwọn fẹ́ mùwẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òkun. Wọ́n á wá há ìmùwẹ̀ náà mọ́ ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa wọ ọkọ̀ òfúrufú padà sílé. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ìmùwẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ wá to oúnjẹ, ìrìn àti ìgbafẹ́ yòókù yí i ká.

Ìdí rẹ̀ rèé. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí lábẹ́ omi, látinú àgbá tí à ń gbé sẹ́yìn, náà ni afẹ́fẹ́ tí à ń mí lókè, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ni náítírójìn. Bí ẹ bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi á máa tẹ̀ yín mọ́lẹ̀ sí i, náítírójìn yìí á sì máa rọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Tí ẹ bá jáde sókè, kì í bá yín jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ẹ bá gun òkè gíga tàbí wọ ọkọ̀ òfúrufú nígbà tó ṣì kù nínú ara, ó lè hó bí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i. Híhó yẹn ló ń fa àìsàn tó lè mú oríkèé ara dunni, tó sì lè rọ ẹsẹ̀.

Zanzibar fúnra rẹ̀ tẹ́jú, kò sí òkè tó máa dà yín láàmú níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àlejò máa ń pa á pọ̀ mọ́ àwọn ibòmíràn ní Tanzania. Kilimanjaro ga tó mítà 5,895. Etí kòtò ńlá Ngorongoro, níbi tí wọ́n ti ń wo ẹranko, lé ní mítà 2,000. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ gun òkè kí ẹ sì wo ẹranko ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ wá sétí òkun. Ẹ má ṣe é ní ìdàkejì láé. Ara tó ti rẹ̀ lórí òkè tún máa ń gbádùn omi gan-an.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Àkókò ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá, ojú ọjọ́ gbẹ, ooru kò pọ̀. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì náà dára, omi á sì gbóná dáadáa. Òjò ńlá tí wọ́n ń pè ní masika máa ń rọ̀ láti nǹkan bí ìparí oṣù Kẹta títí dé oṣù Karùn-ún, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì a sì tilẹ̀kùn. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni gba yàrá nínú oṣù Kẹrin tó bá jẹ́ pé nítorí òkun ló fi ń lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìwé. Ẹni tó bá ń ti orílẹ̀-èdè tí ibà pọ́njú wà dé gbọ́dọ̀ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìjọba Zanzibar ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo àlejò ra ìbánigbófò ìrìn-àjò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìbánigbófò ti ìjọba níbẹ̀. Dọ́là 44 ni wọ́n gbé e jáde fún àgbàlagbà. Ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra. Àmọ́ ẹ má rò pé ìbánigbófò kan ti kárí ohun gbogbo: ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ìmùwẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì ra èyí tó kan ìmùwẹ̀ kún un bí kò bá sí níbẹ̀.

Ìwé kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń fi ìkánjú buwọ́ lù. Ilé ẹ̀kọ́ ìmùwẹ̀ á fún yín ní ìwé ìbéèrè nípa ìlera. Ṣé ẹ ní ikọ́ fée? Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí etí tàbí àyà yín rí? Ṣé ẹ ní àìsàn ọkàn? Ṣé ẹ lóyún? Bí ìdáhùn kan ṣoṣo bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè jẹ́ kí ẹ wọ omi. Ẹ gba ìwé yìí nígbà tí ẹ ṣì wà nílé, kó má lọ jẹ́ pé etí òkun ni ẹ ti máa wá dókítà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ rárá, nítorí òtútù, àìtó omi lára àti àìtó ọ́síjìn kò dára fún un. Aláboyún kò gbọdọ̀ mùwẹ̀ báyìí, kó dúró sókè omi, kó máa fi awò ojú wo ẹja. Ó dùn bákan náà.

Ibà ẹ̀fọn náà ṣì wà ní Zanzibar. Tí dókítà bá fẹ́ kọ oògùn ibà fún yín, ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ mùwẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń pè ní mefloquine máa ń fa òòyì nígbà mìíràn, òòyì lábẹ́ omi sì lè jọ àìsàn náítírójìn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kankan ò ní lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Wọ́n á fún yín ní òmíràn.

Ẹ yan bí ẹ ṣe fẹ́ wọ omi

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ìdánwò ọlọ́jọ́ kan: olùkọ́ á kọ́ yín ní ohun díẹ̀ nínú omi tí kò jìn, á sì mú yín lọ síbi tí kò ju mítà 12 lọ. Ìkejì ni ẹ̀kọ́ tó ń gba ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, tí ẹ máa fi gba ìwé ẹ̀rí. Lábẹ́ ìlànà PADI, àjọ tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ìmùwẹ̀ káàkiri ayé, ìwé ẹ̀rí yìí á jẹ́ kí ẹ lè lọ títí dé mítà 18 níbikíbi láyé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá pàápàá lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ń fẹ́ kí ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ fún igba mítà láìdúró, kí ẹ sì lè léfòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìdíje kọ́, ẹ lè máa rọra lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí lẹ fẹ́, ẹ ka apá tó jẹ́ ti ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó rìnrìn àjò tó jìn tó bẹ́ẹ̀, tó wá jókòó sínú yàrá olóoru tó ń wo fídíò, tí òkun sì wà níta.

Tí ẹ bá dé Nungwi tàbí Matemwe ní ìhà àríwá erékùṣù náà, ilé ìmùwẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí ewé rúmọ̀. Ẹ má fi owó nìkan yan èyí tí ẹ máa bá lọ. Ẹ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló máa wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan. Tó bá lé ní mẹ́rin fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú, ẹ kọjá lọ. Ẹ bi wọ́n pé ọ́síjìn wà nínú ọkọ̀ ojú omi wọn bí, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi hàn yín. Ẹ mí díẹ̀ látinú àgbá afẹ́fẹ́ wọn: kò gbọdọ̀ ní òórùn kankan. Tó bá ń rùn bí epo ọkọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ afẹ́fẹ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí irú ìbéèrè báyìí.

Lábẹ́ omi

Mnemba ni mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá erékùṣù náà. Àwọn aládàáni ló ni erékùṣù kékeré tó wà láàárín, ẹ kò lè sọ̀ síbẹ̀, àmọ́ iyùn tó yí i ká, inú rẹ̀ ni gbogbo ayé ń lọ. Ìjàpá òkun wà níbẹ̀, ẹja aláwọ̀ oríṣiríṣi wà níbẹ̀, omi rẹ̀ sì máa ń mọ́ kedere.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ omi náà, mo kánjú. Mo rí ẹja aláwọ̀ ìyeyè kan nísàlẹ̀, mo da orí kodò, mo tẹ̀ lé e. N kò tíì ju mítà mẹ́ta lọ tí etí òsì mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Olùkọ́ mi di apá mi mú, ó fà mí gòkè díẹ̀, ó fi ìka méjì fún imú ara rẹ̀ pa, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sínú imú tó fún pa náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ “pó” nínú etí mi, ìrora náà sì pòórá.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé èèyàn kì í dúró de ìrora. Láti ìgbà tí orí yín bá ti rì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa ṣe é ní gbogbo ìwọ̀n ìdajì mítà. Ẹsẹ̀ ni kó ṣáájú, kì í ṣe orí. Bí etí kan bá kọ̀, ẹ gòkè díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ padà sókè, ẹja kò ní sá kúrò lókun. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe kò gbọdọ̀ wọ omi rárá lọ́jọ́ yẹn.

Òfin kan tún wà tó ju gbogbo òfin lọ: ẹ má séèémí. Ní mítà mẹ́wàá, omi àti afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á máa tẹ̀ yín ní ìlọ́po méjì bó ṣe rí lókè. Bí ẹ bá mí kún àyà níbẹ̀, tí ẹ séèémí, tí ẹ sì gòkè, afẹ́fẹ́ yẹn á fẹ̀ di ìlọ́po méjì nínú ẹ̀dọ̀fóró tí kò lè fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa mí lọ, ẹ mí sínú gígùn, ẹ mí síta gígùn. Bí ẹ̀rọ ìmí bá bọ́ lẹ́nu yín, ẹ máa tú ìfóófòó kéékèèké jáde lẹ́nu títí tí ẹ fi máa rí i mú padà.

Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àtàǹpàkò tí ẹ nà sókè kò túmọ̀ sí “ó dára”, ó túmọ̀ sí “ẹ jẹ́ ká máa gòkè lọ.” Ìka ìlábẹ̀ tó fi orí kan àtàǹpàkò, tó di òrùka, ni “ó dára.” Mo ti rí i tí ẹnì kan ń fi ayọ̀ na àtàǹpàkò sókè níwájú ìjàpá òkun, tí olùkọ́ rẹ̀ sì ń mú un gòkè kúrò níbẹ̀.

Ẹ máa wo aago afẹ́fẹ́ yín lemọ́lemọ́. Nǹkan bí bar 200 ló máa ń wà níbẹ̀ tí àgbá bá kún; bar ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe há mọ́ inú àgbá tó. Tó bá ku ọgọ́rùn-ún, ẹ sọ fún olùkọ́ yín. Ẹ ti gbọ́dọ̀ wà lókè kó tó wálẹ̀ ju 50 lọ. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ má kọjá mítà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ dúró ní mítà márùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí náítírójìn lè ráyè jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ràn jù: iṣẹ́ ti parí, kò sí ohun tí èèyàn ń wá mọ́, oòrùn ń tàn wọlé láti òkè.

Nípa irun: awò ojú kò ní dí bí irun bá wà lábẹ́ rọ́bà rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ di irun tó máa sùn lọ sẹ́yìn, kólẹ́sẹ̀ dára gan-an fún un, kí ẹ sì fi nǹkan wé iwájú orí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n, ẹ fá ibi tó wà lábẹ́ imú níwọ̀n ìka kan tàbí kí ẹ fi ọ̀rá fásilíìnì díẹ̀ sí i, nítorí ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọlé.

Ẹ má fọwọ́ kan iyùn. Ohun abẹ̀mí ni, kì í ṣe òkúta, èyí tí ẹsẹ̀ kan bá sì dá lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hù padà. Ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn dípò kí ẹ fi ìpara oòrùn kun gbogbo ara.

Oúnjẹ ní ọjọ́ omi àti ní ọjọ́ ilẹ̀

Ní ọjọ́ tí ẹ bá máa mùwẹ̀, ẹ jẹun díẹ̀ láàárọ̀: búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tíì. Ẹ fi ohun olóróró sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ mu omi ju bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín lọ, nítorí afẹ́fẹ́ inú àgbá gbẹ táútáú, ara tí omi kò sì tó nínú rẹ̀ kì í tètè tú náítírójìn sílẹ̀. Ẹ má mu ọtí ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ má sì mu ún láàárín ìmùwẹ̀ méjì. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ń ru yín nínú, tíì atalẹ̀ dára gan-an, tangawizi ni wọ́n ń pe atalẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti jáde tán, ẹ jẹun dáadáa. Ẹ wá pweza, ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, tí wọ́n sè nínú omi àgbọn. Ní ìhà ìlà-oòrùn, ní Jambiani àti Paje, tí òkun bá fà, ẹ máa rí àwọn obìnrin tó ń fi igi wá a nínú ihò iyùn, ẹ sì máa rí àwọn tó ń tọ́jú ewéko òkun tí wọ́n gbìn. Ní ìhà yìí, òkun máa ń fà jìnnà gan-an, pàápàá nígbà òṣùpá àrànmọ́jú. Ẹ bèèrè àkókò tí omi máa kún kí ẹ tó gba yàrá síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ lè jí láàárọ̀ kí ẹ má rí omi lúwẹ̀ẹ́.

Ní alẹ́, ọjà oúnjẹ máa ń ṣí ní ọgbà Forodhani tó kọjú sí òkun, ní Stone Town, ìlú àtijọ́ Zanzibar. Ẹja àti edé tí wọ́n fi igi gún máa ń kún orí tábìlì. Ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kaná, kí ẹ sì yan ohun tí wọ́n ń ṣe níwájú yín. Zanzibar pizza ni mo máa ń jẹ: wọ́n á na ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ, wọ́n á kó ẹran lílọ̀, àlùbọ́sà àti ẹyin sínú rẹ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á sì dín in. Ẹ fi omi ìrèké tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sán, ẹ wá urojo, ọbẹ̀ tó ní kíkan díẹ̀, tí wọ́n kó ọ̀dùnkún, àkàrà kéékèèké àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì dín sí. Ní oṣù Ramadan, ẹ má jẹun lójú títì ní ọ̀sán.

Ìlú, ní ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn

Fún Stone Town, ẹ fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀. Láti ọdún 2000 ni UNESCO ti kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún. Ẹ kí àgbàlagbà pé “Shikamoo,” wọ́n á dá yín lóhùn pé “Marahaba.” Ẹni tí wọ́n bá kọ́ láti kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ nílé á tètè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó, ẹ máa rí i bí ojú wọn á ṣe tú ká.

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church. Orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹrú ni wọ́n kọ́ ọ sí, lẹ́yìn tí wọ́n ti ọjà náà pa ní ọdún 1873. Ibi tí òpó ìnà wà ni wọ́n gbé pẹpẹ sí. Ère àwọn ẹrú wà nínú kòtò kan níta, ẹ̀wọ̀n irin gidi sì wà lọ́rùn wọn. Ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀.

Bí ọjọ́ bá ṣì gùn, ọkọ̀ ojú omi á gbé yín lọ sí Changuu, tí wọ́n ń pè ní Prison Island, láti wo àwọn ìjàpá ńlá tí ìran wọn ti Seychelles wá. Ní ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí igbó Jozani láti wo ẹdun pupa. Zanzibar nìkan ni irú ẹdun yìí wà lágbàáyé. Ẹ má fún un lóúnjẹ. Lójú ọ̀nà, ẹ yà sí oko àwọn èròjà ọbẹ̀. Kànáfùrù ni ẹ máa kọ́kọ́ gbóòórùn. Karafuu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tó rin ìrìn-àjò dé ẹnu wa láti èdè Lárúbáwá.

Ìmùwẹ̀ tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti parí kí ọjọ́ méjì yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré gbọ́dọ̀ dúró fún ó kéré tán wákàtí 12 kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ẹni tó bá ṣe é léraléra, wákàtí 18. Wákàtí 24 ni èmi fi ń ṣe òdiwọ̀n ti ara mi. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dé Dar es Salaam kó tó pé, ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ wọ̀, ó máa ń tó wákàtí méjì.

Tí oríkèé bá ń ro yín, tí ara ń yún yín, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kú tipiri, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn ìmùwẹ̀, ẹ má pè é ní àárẹ̀ ìrìn-àjò, ẹ má sì lo oògùn ibà sí i. Ẹ pe ilé ìmùwẹ̀ yín kí wọ́n fún yín ní ọ́síjìn, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún dókítà ni iye mítà tí ẹ lọ sísàlẹ̀ òkun, àti wákàtí tí ẹ jáde.